Wọ́n Ní Kí N Fọwọ́ Sí I Pé Aláìní Ni Mí

Òkè-Ìmẹ̀sí,
Ọjọ́ Kẹjọ, Oṣù Kẹsàn-án, 2025.

Ayọ̀kúnlé, Àlàó, ọmọ ọmọ mi,

Adéjọkẹ́, ọmọ àbúrò bàbá rẹ, bí ọmọkùnrin ní ọjọ́ Ìsinmi tó kọjá. Orí ọmọ náà rí róbótó, ohùn rẹ̀ sì ju agogo ṣọ́ọ̀ṣì lọ. Victor ẹ̀gbọ́n rẹ gbé ìyàwó láti Ayétòrò. Mo ní kí ìyàwó gún iyán kí n wò ó. Ó gún un, kò ní kókó, mo sì ti dákẹ́ láti ọjọ́ náà. Tọ́lá ìyàwó tìrẹ náà bí obìnrin ní oṣù Kẹfà, Ìyanuolúwa ni wọ́n pè é. Tọ́lá ló fi àwòrán ọmọ ránṣẹ́ sí mi. Ìwọ tí o bí i kò sọ nǹkan kan. Bóyá o rò pé mo máa gbà á mọ́ ọ lọ́wọ́.

Ohun tí o fi ránṣẹ́ lóṣù tó kọjá kò ju ìlà kan lọ: "Ẹ bá mi sọ fún Màmá àgbà pé mo ti padà sílé láti Dùbáì." Àlàó, mo yọ̀. Mo gbá yàrá rẹ, mo gbé bẹ́ẹ̀dì sóòrùn, mo pa àkùkọ tí mo ti ń tọ́jú láti ọdún Àjíǹde. Ọjọ́ méjì ni mo fi jókòó síta, tí mo ń yọjú wo gbogbo ọkọ̀ tó bá gun òkè bọ̀. Ọ̀gá Francis ló wá là mí lójú pé ilé tí o padà sí kì í ṣe ilé wa, pé Jámánì ni. Ẹni tó sọ ilé nù, ó sọ àpò ìyà kọ́. Mo jẹ àkùkọ náà fúnra mi. Ó le.

Má pè mí lórí fóònù láti bẹ̀ mí o. Ọdún kẹta rèé tí mo ti ń lọ kíláàsì àwọn àgbà tí Ọ̀gá Francis dá sílẹ̀ lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì nígbà tó fẹ̀yìn tì nínú iṣẹ́ tíṣà. Kí n tó bẹ̀rẹ̀, àtàǹpàkò ni mo ń tẹ̀. Nísinsìnyí mo ń kọ, òun á fi fóònù rẹ̀ ya ohun tí mo kọ, á sì fi ránṣẹ́ sí ọ. Ìwọ náà kọ tìrẹ. Ọ̀rọ̀ ẹnu ń fò lọ. Ìwé ni mo lè gbé síwájú rẹ lọ́jọ́ tí o bá ní o ò sọ bẹ́ẹ̀.

Báwo ni iṣẹ́? Kí ló pa ẹnu rẹ mọ́?

Èmi ìyá rẹ àgbà,
Naomi Adérìnsọ́lá.
Mo kọ orúkọ yìí láìsí pé ẹnikẹ́ni di ọwọ́ mi mú.


Hamburg,
Ọjọ́ Kejìdínlógún, Oṣù Kẹsàn-án, 2025.

Màmá mi àgbà,

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ẹ kú ojú lọ́nà, ẹ kú ìnáwó àkùkọ. Ẹ má bínú mà. Ibi tí Tọ́lá wà ni mo pè nílé. Ẹnu mi ló yá ju ọgbọ́n mi lọ. Ẹ bá mi kí Adéjọkẹ́ kú ewu ọmọ, ẹ sì bá mi kí Victor.

Ọ̀rọ̀ owó orí ló pa ẹnu mi mọ́. Ní gbogbo ọdún méjì tí ilé iṣẹ́ fi rán mi lọ sí Dùbáì, ìjọba ibẹ̀ kò gba owó orí kankan lórí owó oṣù mi. Nígbà tí mo wá padà sí Jámánì, ìwé mi níhìn-ín ti kú, wọ́n sì tò mí sí ìlà àwọn àpọ́n. Kí owó oṣù tó dé ọwọ́ mi ni wọ́n ti ń yọ owó orí kúrò lára rẹ̀, wọ́n sì ń yọ ọ́ bíi ti ẹni tí kò ní ẹnì kankan. Tọ́lá kò sì tíì lè padà sẹ́nu iṣẹ́ nítorí ọmọ. Ohun tó ń kù kò tó san owó ilé.

Ọ̀nà kan wà mà. Bí èèyàn bá ń bọ́ òbí tàbí òbí àgbà tó jẹ́ aláìní ní ìlú rẹ̀, ìjọba níhìn-ín lè dín ohun tí wọ́n ń yọ kù. Mo ti fi orúkọ yín sílẹ̀. Ìwé kan ni mo fi ránṣẹ́ mọ́ lẹ́tà yìí, mo túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá nísàlẹ̀ kí ó lè yé yín. Ó ní ẹ kò níṣẹ́, ẹ kò lóko, ẹ kò nílé tó ń mówó wọlé, àti pé igba yúrò ni mo ń fi ránṣẹ́ sí yín lóṣooṣù. Ẹ bá mi ní kí Ọ̀gá Francis tẹ̀ ẹ́ jáde, kí ẹ gbé e lọ sí káńsù ní Arámọ̀kọ, kí ẹ fọwọ́ sí i, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ lé e. Kí oṣù Kọkànlá tó parí ni wọ́n ń retí rẹ̀. Ìwé lásán ni mà. Kò ní wàhálà nínú.

Ọmọ yín,
Ayọ̀kúnlé.


Òkè-Ìmẹ̀sí,
Ọjọ́ Kejì, Oṣù Kẹwàá, 2025.

Ayọ̀kúnlé,

Mo kí ọ, mo kí Tọ́lá, mo kí Ìyanuolúwa tí kò tíì mọ irú bàbá tí òun ní.

Igba yúrò lóṣooṣù! Mo ní kí Ọ̀gá Francis bá mi ṣírò rẹ̀ sí náírà. Nígbà tó dárúkọ rẹ̀, mo ní kó tún un pè. Mo bi ọwọ́ mi, ọwọ́ ní òun kò gbà á. Mo bi ẹnu mi, ẹnu ní òun kò jẹ ẹ́. Mo ká ẹní sókè, bóyá abẹ́ ẹní lo ń fi í sí fún mi. Ohun tí mo rántí ni ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgbọ̀n náírà tí o fi ránṣẹ́ ní Kérésì ọdún 2023, tí o ní kí n fi ra ohun mímu. Mo rà á, mo mu ún, mo tọ̀ ọ́.

Ìwé rẹ ní n kò lóko. Oko kòkó tí mo fi owó rẹ̀ rán ọ lọ sí yunifásítì ńkọ́, ta ló ni ín? Ó ní n kò nílé tó ń mówó wọlé. Àwọn tíṣà méjì tó háyà yàrá ẹ̀yìn lọ́wọ́ mi, ṣé iwin ni wọ́n? Ó kù díẹ̀ kí ìwé náà ní n kò lórí.

N kò sọ pé n kò ní lọ o. A kì í bá ọba pàlà kí ọkọ́ ọba má ṣáni lẹ́sẹ̀. Ohun tí ìjọba bá bèèrè, ó yẹ ká dá a lóhùn. Bàbá àgbà rẹ fi gíláàsì bo ìwé owó orí rẹ̀ ti ọdún 1966, ó gbé e kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán ìgbéyàwó wa, nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń sá wọ igbó fún akódà. Mo máa lọ sí Arámọ̀kọ. Èmi fúnra mi ni mo sì máa kọ èsì sí ohun tí wọ́n bá bèèrè.

Ìbéèrè kan ló kù. O ní wọ́n tò ọ́ sí ìlà àwọn àpọ́n. Tọ́lá ńkọ́? Ọmọ ńkọ́? Ṣé ìjọba ni kò mọ̀ pé o níyàwó, àbí ìwọ ni kò sọ?

Ìyá rẹ àgbà, aláìní tí o ń bọ́,
Naomi Adérìnsọ́lá.


Hamburg,
Ọjọ́ Karùn-ún, Oṣù Kẹwàá, 2025.

Màmá mi àgbà,

Ẹ kú àárọ̀ mà. Mo bẹ yín, ẹ má fi ọwọ́ ara yín kọ èsì kankan sí ìwé yẹn. Orúkọ yín nìkan ni kí ẹ kọ sísàlẹ̀. Bí ẹ bá dé Arámọ̀kọ, ẹ má dárúkọ kòkó, ẹ má dárúkọ àwọn tíṣà. Ẹ wọ aṣọ oko yín, ẹ má wé gèlè. Bí wọ́n bá bi yín ní nǹkan, ẹ kàn máa mi orí.

Mo mọ̀ pé n kò tíì fi nǹkan ránṣẹ́. Bí wọ́n bá ti dín owó orí yìí kù, ẹ ó rí i lọ́wọ́ mi. Ṣùgbọ́n mo ti sọ fún wọn níhìn-ín pé láti oṣù Kìíní ni mo ti ń fún yín, n kò sì lè gbé ọ̀rọ̀ náà mì mọ́.

Ti ìbéèrè yín lórí àpọ́n, ọ̀rọ̀ gígùn ni. Ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀ ná.

Ayọ̀kúnlé.


Hamburg,
Ọjọ́ Kọkàndínlọ́gbọ̀n, Oṣù Kẹwàá, 2025.

Màmá àgbà,

Ọjọ́ mẹ́rìnlélógún rèé tí mo ti ń wojú fóònù. Mo pe Ọ̀gá Francis, ó ní, "Màmá ń ronú." Kí ló wà nínú fífọwọ́ sí ìwé tó gba ìrònú? Onílé ti kọ̀wé sí mi lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ jọ̀ọ́ mà, oṣù kan péré ló kù.

Ayọ̀kúnlé.


Òkè-Ìmẹ̀sí,
Ọjọ́ Kẹta, Oṣù Kọkànlá, 2025.

Ayọ̀kúnlé, ọmọ oníkánjú,

N kò ronú o. Télọ̀ ni mo ń dúró dè.

O ní kí n wọ aṣọ oko. Ta ló ń wọ aṣọ oko lọ sí ọ́fíìsì ìjọba? Kí wọ́n lè ní àwa ará Òkè-Ìmẹ̀sí kò mọ ibi tó yẹ kéèyàn ti múra? Mo wọ aṣọ òfì ìkórè mi tí télọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ tún rán, mo wé gèlè, mo so iyùn mọ́rùn. Mo di iṣu márùn-ún sínú àpò, nítorí a kì í lọ́wọ́ òfìfo lọ sọ́dọ̀ èèyàn. Nínú takisí, owó ìjókòó ẹni méjì ni mo san, kí ẹnikẹ́ni má bàa rún aṣọ mọ́ mi lára.

Obìnrin tí wọ́n ní kí n rí ń jẹ́ Olúrántí. Ọmọlúàbí ni. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ó gba ìwé, ó kà á tán, ó wá wo ẹ̀yìn mi.

"Ìyá, aláìní yìí dà? Ṣé ara rẹ̀ kò yá ni?"

"Èmi ni."

"Báwo mà?"

"Èmi ni aláìní náà."

Ó wò mí láti gèlè dé bàtà. "Ẹ dákun mà, iṣu ta nìyí?"

"Tèmi ni. Láti oko ni mo ti wà á wá fún yín."

"Ìwé yìí ní ẹ ò lóko."

"Ẹni tó kọ ọ́ kò tíì dé oko láti ọdún kẹjọ."

Ó rẹ́rìn-ín títí tó fi bọ́ awò ojú rẹ̀. Ó ní òun kò lè gba iṣu, pé òfin iṣẹ́ òun kò gbà bẹ́ẹ̀. Èmi náà kò lè gbé iṣu padà sílé bí ẹni tí wọ́n lé. Mo bá pín in fún àwọn tó tò síta. Bàbá arúgbó kan gba tirẹ̀, ó gbé e sókè, ó ní, "Irú òṣì tó ta yín yìí, kí Ọlọ́run má jẹ́ kó fo ilé tèmi o, Ìyá!" Gbogbo wọn ṣe àmín.

Nígbà tí ẹ̀rín tán, Olúrántí ti bírò sí iwájú mi. Ó ní, "Ìyá, ẹ̀yin lẹ máa kọ́kọ́ fọwọ́ sí i kí ọ̀rọ̀ òǹtẹ̀ tó dé. Ṣé òtítọ́ ni ohun tó wà níbẹ̀?"

Mo mú bírò, mo gbé ẹnu rẹ̀ lé ìlà. Àlàó, mo rántí owó ilé rẹ. Mo rántí ọmọ oṣù márùn-ún. Ọwọ́ mi wà níbẹ̀ títí yíǹkì fi ṣe tóó sórí ìwé. Ọdún márùndínlọ́gọ́rin ni mo fi ń tẹ àtàǹpàkò kiri, àtàǹpàkò kò sì lójú. Ohun tí wọ́n bá gbé síwájú rẹ̀ ló ń tẹ̀. Ìgbà tí mo wá mọ orúkọ mi kọ tán, irọ́ lo fẹ́ kí n kọ́kọ́ fi kọ níwájú ìjọba. Mo gbé bírò sílẹ̀. Mo ní, "Ọmọ mi, kì í ṣe òtítọ́." Ó ká ìwé náà, ó dá a padà fún mi.

Ẹni a ní kó fẹ́ni lójú, ata ló fi sẹ́nu. Igba yúrò tí o kò fi ránṣẹ́ kò dùn mí tó aṣọ oko tí o ní kí n wọ̀.

O ò tíì dáhùn ìbéèrè mi lórí Tọ́lá.

Ìyá rẹ àgbà,
Naomi Adérìnsọ́lá.


Hamburg,
Ọjọ́ Kẹfà, Oṣù Kọkànlá, 2025.

Màmá àgbà,

Ẹ kú iṣẹ́. Ìyá àwọn ẹgbẹ́ mi ń gbàdúrà fún ọmọ wọn lókè òkun. Ìyá tèmi wọ òfì, ó so iyùn, ó lọ bá mi pín iṣu ní Arámọ̀kọ. Ṣé ẹ mọ ohun tí ìwé yẹn jẹ́ fún mi?

Ẹ rò pé olówó ni mí. Gbèsè ni mo gbé lọ sí Dùbáì, gbèsè náà ni mo fi gbogbo ọdún méjì san. Ọkọ̀ tí mo fi ń ya fọ́tò, ọkọ̀ ọlọ́kọ̀ ni. Mo máa ń dúró kí oníǹkan wọlé tán kí n tó fara tì í. Bí mo bá ní n kò ní, ẹ ó ní mo ti ya àpà. Bí mo bá dákẹ́, ẹ ó ní mo sọ ilé nù. Èwo ni kí n ṣe?

Ẹ má ṣe wàhálà kíkọ̀wé mọ́. Mo ti gbọ́.

Ayọ̀kúnlé.


Hamburg,
Ọjọ́ Kẹrìndínlọ́gbọ̀n, Oṣù Kọkànlá, 2025.

Màmá mi àgbà,

Mo dọ̀bálẹ̀, n kò sì tíì dìde. Ẹ dárí ọ̀rọ̀ tí mo kọ ní ìjelòó jì mí. Ẹ kò kọ̀wé, mo mọ̀ pé èmi ni mo ní kí ẹ má kọ ọ́, síbẹ̀ mo ń wò ó lójoojúmọ́.

Ọ́fíìsì owó orí kọ̀wé sí mi lọ́sẹ̀ tó kọjá. Wọ́n ní kí n mú ìwé báńkì wá fún gbogbo owó tí mo fi ránṣẹ́ sí yín, oṣù kọ̀ọ̀kan láti oṣù Kìíní. Màmá, ẹyọ kan kò sí. Bí ẹ bá ti fọwọ́ sí ìwé yẹn ni, èmi àti ẹ̀yin la jọ máa jẹ́jọ́ irọ́.

Ìbéèrè yín lórí Tọ́lá kì í ṣe ọ̀rọ̀ gígùn. Èmi ni kò sọ. Mo rò pé ohun tí mo máa rí lórí orúkọ yín á pọ̀ ju èyí tí mo máa rí lórí ìyàwó mi lọ, mo wá ń sún tirẹ̀ síwájú. Ní ọjọ́ Ajé, mo gbé Ìyanuolúwa mọ́yà, mo mú ìwé ìgbéyàwó àti ìwé ìbí rẹ̀, mo lọ bá wọn. Mo ní kí wọ́n pa orúkọ yín rẹ́. Obìnrin tó jókòó síbẹ̀ wo ìwé, ó wo ọmọ, ó ní, "Ìyàwó yìí, láti ìgbà wo lẹ ti ní in?" Mo ní ọdún mẹ́fà. Ó ní, "Kí ló dé tẹ́ ò sọ fún wa nígbà tẹ́ ẹ padà dé?" Ìyanuolúwa ló fi ẹkún bá mi dáhùn.

Láti oṣù Kejìlá, wọn kò ní yọ owó orí àpọ́n lára owó oṣù mi mọ́. Kò dín kù tó bí mo ṣe fẹ́, ṣùgbọ́n owó ilé á máa jáde nínú rẹ̀. Ti oṣù Kọkànlá yìí nìkan ni n kò tíì rí san tán. N kò bèèrè nǹkan kan lọ́wọ́ yín mà. Mo kàn ń sọ bó ṣe rí ni.

Ọmọ yín,
Ayọ̀kúnlé.


Òkè-Ìmẹ̀sí,
Ọjọ́ Kìíní, Oṣù Kejìlá, 2025.

Ayọ̀kúnlé, Àlàó, ọkọ ìyàwó,

Mo kí ọ kú ìgbéyàwó. Ìjọba Jámánì ti wá mọ̀ lẹ́yìn ọdún mẹ́fà pé o láya; kí Tọ́lá wé gèlè, kó jó.

Fọ́tò ìwọ àti ọkọ̀ ọlọ́kọ̀ wà lára ògiri mi ní pálọ̀. N kò ní yọ ọ́. Àwọn àlejò fẹ́ràn rẹ̀, àwọn tíṣà náà sì ń tètè sanwó háyà nítorí rẹ̀. Wọ́n rò pé bí mo bá bínú, o lè gbé ọkọ̀ náà wá kó wọn jáde.

Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n bi ọ́. Nígbà tí o kéré, tí ebi bá pa ọ́, ta lò ń sọ fún? Ṣé o máa ń kọ́kọ́ lọ sọ fún aládùúgbò pé èmi ni mi ò jẹun? Ẹ̀rù ń bà ọ́ láti sọ pé o kò ní, o wá yàn láti kọ ọ́ sílẹ̀ pé èmi ni n kò ní. Bí a bá ń sunkún, à ń ríran. Mo máa bínú, mo máa yọ ṣùtì sí ọ, n ó tún rojọ́ rẹ fún Ọ̀gá Francis títí yóò fi sùn lọ lórí àga. Lẹ́yìn náà, n ó wọ oko lọ wo ohun tó wà níbẹ̀. Bí mo ti ń ṣe láti ọjọ́ tí mo ti gbà ọ́ tọ́ nìyẹn.

Níwọ̀n bó ti jẹ́ pé ìwé ni wọ́n fẹ́ràn lọ́dọ̀ yín, mo ti kọ tèmi. Ohun tí mo kọ rèé: "Èmi, Naomi Adérìnsọ́lá, olóko kòkó àti onílé, ń jẹ́rìí pé Ayọ̀kúnlé, ọmọ ọmọ mi tó ń ṣiṣẹ́ ní Jámánì, jẹ́ aláìní ní oṣù yìí, àti pé èmi ni mo ń bọ́ ọ." Mo fọwọ́ sí i. Ọ̀gá Francis ṣe ẹlẹ́rìí. Òtítọ́ ni gbogbo rẹ̀, nítorí náà yíǹkì kò ráyè ṣe tóó sórí rẹ̀.

Ààyè wà nísàlẹ̀ fún orúkọ tìrẹ. Wọ aṣọ tó bá wù ọ́, kí o fọwọ́ sí i, kí o fi ránṣẹ́ padà. Ìwé lásán ni.

Ìyá rẹ àgbà,
Naomi Adérìnsọ́lá.

Báńkì ni mo gbà fi owó tí o máa fi kún owó ilé ránṣẹ́, sínú àkáǹtì náírà rẹ, rìsíìtì sì wà lọ́wọ́ mi: ọ̀kẹ́ mẹ́rìnlá náírà, ₦280,000.